Ṣé Gígun Sikútà Dípò Wíwa Mọ́tò Ń Dín Ìnáwó Kù ní Èkó? Bí Ẹ Ṣe Lè Ṣírò Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Ra Ọ̀kan

Ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu àwọn ènìyàn láti ìgbà tí owó epo bẹntiróòlù ti gbówó lórí: bí mo bá gbé mọ́tò mi sílẹ̀ tí mo ra sikútà, ṣé owó yóò kù sí mi lọ́wọ́? Ẹni tí ó bá wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Dópẹ̀mú ní aago méje àárọ̀, tí ó ń wo bí àwọn ọlọ́kadà ṣe ń gba àárín mọ́tò méjì kọjá lọ, kò lè ṣàì rò ó. Ìdáhùn mi ni pé owó lè kù, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún gbogbo ènìyàn, kì í sì í sábà wá láti ibi tí a rò pé yóò ti wá. Mo gun sikútà 125cc (cc ni wọ́n fi ń díwọ̀n bí ẹ́ńjìnì ṣe tóbi tó) láàárín Ẹ̀gbẹ́dá àti Agége fún ọdún kan àti oṣù mẹ́rin, mo sì ń kọ gbogbo owó tí mo ná lé e lórí sínú ìwé kékeré kan. Ohun tí ìwé náà sọ fún mi kò bá èrò tí mo fi bẹ̀rẹ̀ mu rárá.

Ẹni tí ó ti ní mọ́tò, tí ó sì fẹ́ máa gun sikútà lọ síbi iṣẹ́, ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún. Kò kan ẹni tí ó fẹ́ fi ṣe ọ̀kadà, kò sì kan àwọn dìsípáàṣì. Ẹ mú bírò àti ìwé, kí fóònù tí ẹ óò fi ṣírò sì wà nítòsí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ọ̀nà yín gba sikútà

Mo fi èyí ṣíwájú ọ̀rọ̀ owó nítorí pé sikútà tí ìjọba bá gbà lọ́wọ́ ènìyàn kò dín ìnáwó kankan kù. Òfin ìrìnnà tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2012 ka òpópónà 475 léèwọ̀ fún alùpùpù, àwọn tí ó sì yọ sílẹ̀ ni àwọn alùpùpù tí ilé iṣẹ́ fi ń jíṣẹ́ ẹrù, tí ẹ́ńjìnì wọn tó 200cc tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ọ̀nà márosẹ̀ àti àwọn afárá ńláńlá, irú bí Ikorodu Road, márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta àti afárá Third Mainland, wà lára àwọn ọ̀nà tí kò gba alùpùpù kékeré. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ọdún 2022, ìjọba tún fòfin de iṣẹ́ ọ̀kadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, èyí tí í ṣe Etí-Ọ̀ṣà, Ìkẹjà, Súrùlérè, Lagos Island, Lagos Mainland àti Àpápá. Nígbà tí ó di oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, wọ́n fi Kòṣọ̀fẹ́, Òṣòdì-Ìsọlọ̀, Ṣómólú àti Mushin kún un.

Ọ̀pọ̀ sikútà tí wọ́n ń tà fún wa kò ju 110cc, 125cc tàbí 150cc lọ. Ẹ má ṣe gbára lé e pé ẹ kì í gbé èrò, nítorí ẹni tí ó wá mú alùpùpù lójú títì kì í sábà dúró gbọ́ àlàyé kí ó tó yọ kọ́kọ́rọ́. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tí ìjọba ti gbà ni wọ́n sì ti fọ́ túútúú lójú gbogbo ayé.

1. Ẹ kọ orúkọ gbogbo òpópónà tí ẹ óò gbà sílẹ̀, láti ẹnu ọ̀nà ilé yín títí dé ibi iṣẹ́.
2. Ẹ fa ìlà sábẹ́ èyí tí ó bá jẹ́ márosẹ̀ tàbí afárá ńlá, kí ẹ sì wá ọ̀nà inú àdúgbò tí ẹ lè fi rọ́pò rẹ̀. Gígùn ọ̀nà tuntun yìí ni ẹ óò fi ṣírò, kì í ṣe ti ọ̀nà tí mọ́tò ń gbà.
3. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ ní àdúgbò yín. Ẹ sọ iye cc sikútà tí ẹ fẹ́ rà, ẹ sọ pé ti ara yín ni, kí ẹ sì béèrè ibi tí ẹ lè gùn ún dé àti ibi tí ẹ kò gbọ́dọ̀ gùn ún dé. Ẹ ṣe èyí kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.
4. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn àfi márosẹ̀, ẹ fo ìyókù, kí ẹ lọ ka apá tí ó kẹ́yìn.

Ẹni tí ó ń gbé ní Ìkòròdú, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ ní Marina, ti rí ìdáhùn tirẹ̀ nìyẹn. Ó dùn mí láti sọ ọ́, nítorí pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an ni sikútà ìbá ṣe láǹfààní jù, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò ìsàlẹ̀ yóò ṣe fi hàn.

Ìgbésẹ̀ kejì: iye tí ìrìn ibi iṣẹ́ nìkan ń ná yín

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni kí ènìyàn mú gbogbo owó tí ó ń san nílé epo lóṣù, kí ó sì máa rò pé sikútà yóò gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìrìn òde ìnáwó ọjọ́ Sátidé, ìrìn ọjà àti ìrìn ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wà nínú owó yẹn, mọ́tò ni yóò sì máa rìn wọ́n lọ.

1. Ní alẹ́ ọjọ́ Sunday, ẹ rọ epo kún táǹkì dẹ́nu, kí ẹ sì kọ iye kìlómítà tí ó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù sílẹ̀.
2. Ẹ wa mọ́tò náà lọ síbi iṣẹ́ bí ẹ ti máa ń wà á, láti Monday títí di Friday. Bí ẹ bá máa ń tan ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ tan án.
3. Ẹ padà sí ilé epo kan náà, ẹ tún rọ ọ́ kún dẹ́nu. Iye lítà tí ó wọlé ni iye tí mọ́tò jẹ.
4. Ẹ fi iye lítà náà pín iye kìlómítà tí ẹ rìn.

Bí ìwé tí ó bá mọ́tò yín wá bá sọ pé lítà kan yóò gbé e rin kìlómítà 14, kí ó má ṣe yà yín lẹ́nu bí ẹ bá rí 8 tàbí 7. Ẹ́ńjìnì tí ó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí táyà kò yí ń jẹ epo láìfi ìdajì kìlómítà kún ọ̀nà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ pín ìyókù ìnáwó mọ́tò sí ọ̀nà méjì. Ọ̀kan ni èyí tí ó ń dín kù bí mọ́tò kò bá rìn púpọ̀: ọ́ìlì, táyà, bíréèkì. Èkejì ni èyí tí kò mọ̀ bóyá mọ́tò rìn tàbí kò rìn: páátíkúlà, ìbánigbófò, àti bátìrì tí ń kú nígbà tí mọ́tò bá jókòó pẹ́. Láti oṣù kìíní ọdún 2023, ìbánigbófò tí òfin béèrè, èyí tí a mọ̀ sí third party, jẹ́ ₦15,000 lọ́dún fún mọ́tò ara ẹni, ó sì jẹ́ ₦3,000 fún alùpùpù. Ẹni tí ó bá ra sikútà tí kò sì ta mọ́tò kò jèrè ₦12,000 níbẹ̀. ₦18,000 ni yóò máa san.

Ìgbésẹ̀ kẹta: iye tí sikútà fúnra rẹ̀ yóò gbà

Iye tí òǹtajà bá pè kì í ṣe iye tí ẹ óò ná. Ẹ fi ìwọ̀nyí kún un kí ẹ tó ṣírò:

- nọ́ńbà àti páátíkúlà;
- ìwé ìwakọ̀ kíláàsì A, nítorí pé kíláàsì B tí ẹ fi ń wa mọ́tò kò kan alùpùpù;
- akoto gidi kan, ìbọ̀wọ́, jákẹ́ẹ̀tì, bàtà tí ó bo kókósẹ̀ àti aṣọ òjò alápá méjì;
- ṣéènì nínípọn àti àgádágodo;
- ọ́ìlì ẹ́ńjìnì, tí ó máa ń tó lítà kan tàbí kí ó dín díẹ̀, ní ìgbà gbogbo tí sikútà bá rin kìlómítà 2,000 sí 3,000;
- táyà méjì, àti bẹ́líìtì tí ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, tí ó máa ń fẹ́ pààrọ̀ nígbà tí ó bá ti rin nǹkan bíi kìlómítà 20,000.

Ẹ má ṣe fi akoto dín owó kù. Ní oṣù kìíní ọdún 2009, nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bẹ̀rẹ̀ sí í mú ẹni tí kò dé akoto, àwọn ọlọ́kadà kan gé igbá dé orí. Gbogbo wa ni a fi wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n akoto onírọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà lónìí kò fi ohun púpọ̀ sàn ju igbá yẹn lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìṣirò méjì, kí ẹ fi iye tiyín rọ́pò

Kí ìṣirò lè rọrùn, mo mú lítà epo kan ní ₦1,000, mo mú mọ́tò tí ń rin kìlómítà 8 lórí lítà kan àti sikútà tí ń rin 35, mo sì mú ọjọ́ iṣẹ́ 22 lóṣù. Mo ṣe é bí ẹni pé sikútà, ìwé rẹ̀, akoto àti aṣọ òjò gba ₦1,200,000 lápapọ̀. Mo tún yọ ọjọ́ mẹ́rin lóṣù sílẹ̀, tí òjò tàbí ẹrù yóò mú kí ẹ gbé mọ́tò.

Ọ̀nà kúkúrú, kìlómítà 14 ní àlọ àti àbọ̀:

- Mọ́tò: kìlómítà 308 lóṣù, lítà 38.5, ₦38,500.
- Sikútà: lítà 8.8, ₦8,800.
- Ìyàtọ̀: ₦29,700.
- Ẹ yọ ₦5,400 fún ọjọ́ mẹ́rin náà, kí ẹ sì yọ ₦6,000 tí ẹ óò máa tọ́jú fún ọ́ìlì, táyà àti mẹkáníìkì.
- Ohun tí ó kù: ₦18,300 lóṣù.

Bí ẹ bá fi ₦18,300 pín ₦1,200,000, oṣù 66 ni, ọdún márùn-ún àti ààbọ̀, kí owó sikútà tó padà wọlé. Ẹ lè fi owó ọ́ìlì mọ́tò tí ó dín kù kún un bí ẹ bá fẹ́. Kò ní mú un wá sí ọdún mẹ́ta.

Ọ̀nà jíjìn, kìlómítà 40 ní àlọ àti àbọ̀:

- Mọ́tò: kìlómítà 880, lítà 110, ₦110,000.
- Sikútà: lítà 25 àti díẹ̀, ₦25,100.
- Ìyàtọ̀: ₦84,900.
- Ẹ yọ ₦15,400 fún ọjọ́ mẹ́rin, kí ẹ sì yọ ₦10,000 fún ìtọ́jú.
- Ohun tí ó kù: ₦59,500 lóṣù, owó yóò sì padà wọlé ní oṣù 20 àti díẹ̀.

Ìhín yìí ni Èkó ti ń fi ènìyàn ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀nà tí ó jìn tó láti mú èrè gidi wá ni ó máa ń gba márosẹ̀ tàbí afárá tí òfin kò fẹ́ rí sikútà kékeré lórí rẹ̀. Ọ̀nà inú àdúgbò tí ẹ sì lè gbà kì í jìn tó láti tètè dá owó padà. Ẹni tí ó bá ní kí òun lọ ra èyí tí ó ju 200cc yóò rí i pé owó rẹ̀ ga, pé epo tí ó ń jẹ ju ti kékeré lọ, àti pé kí ó tún padà sí ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ lọ béèrè, nítorí àwọn tí ń jíṣẹ́ ẹrù ni òfin yẹn dárúkọ.

Ọ̀nà tí ó ń dín owó kù ní tòótọ́ ni kí mọ́tò kan kúrò nílé pátápátá. Nínú ìwé kékeré tèmi, oṣù kọkànlá kọjá tí mo ṣì ń wá owó sikútà. Nígbà tí ó di oṣù kejìlá, èmi àti ìyàwó mi ta ọ̀kan nínú mọ́tò méjì tí a ní. Bí ẹ bá ta mọ́tò kejì ní ₦4,000,000, tí ẹ yọ ₦1,200,000 sikútà kúrò, ₦2,800,000 wà lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ kìíní, ìbánigbófò rẹ̀, páátíkúlà rẹ̀, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti ọgbọ́n àrékérekè mẹkáníìkì rẹ̀ sì bá a lọ. Ẹni tí ó ń gbèrò láti ra mọ́tò kejì, tí ó wá fi sikútà rọ́pò rẹ̀, wà ní ipò kan náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí mọ́tò rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, tí kò sì ní tà á, nǹkan kejì tí yóò máa tọ́jú ni ó rà.

Àkókò ni ohun tí sikútà fún mi láìjanpata: wákàtí kan àti iṣẹ́jú mẹ́wàá di iṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n. Mo ka ìyẹn sí èrè, ṣùgbọ́n n kò kọ ọ́ sínú ìwé owó, nítorí kò sí ilé epo tí ń gbà á.

Òjò: ìnáwó tí kò sí lórí bébà

Láti oṣù kẹrin títí di oṣù keje, àti ní oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, ojú ọ̀run ni yóò máa pinnu bí ẹ óò ṣe lọ síbi iṣẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹfà, òjò ká mi mọ́ abẹ́ afárá Dópẹ̀mú. Alùpùpù bí ogún ni ó ti rọ́ gììrì síbẹ̀, ìyá alágbàdo kan sì ti wọ́ agbada rẹ̀ sún mọ́ òpó, tí èéfín rẹ̀ ń fẹ́ sí gbogbo wa lójú. Mo ti gba inú àgbàrá kan tí ó dé àárín táyà kọjá kí n tó dé ibẹ̀. Bí mo ṣe ní kí n tún tan sikútà, ẹ́ńjìnì dún, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kò yí. Ọlọ́kadà àgbàlagbà kan wò mí, ó ní: "Ọ̀gá mi, ẹ má fún un níná mọ́ o. Omi ti wọ ilé bẹ́líìtì. Ẹ jẹ́ kó gbẹ." Mo ti í lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì tí ó wà ní ìkọjá títì, mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀ sùn, mo sì san ₦6,000 fún ọkọ̀ tí ó gbé mi délé. Èrè epo mi lóòjọ́ jẹ́ ₦1,350. Òjò kan ti gbé èyí tí ó ju ti ọjọ́ mẹ́rin lọ.

- Ẹ má ṣe gba inú omi tí ẹ kò bá rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ihò gọ́tà tí kò ní ìdérí lè wà níbẹ̀.
- Bí ó bá kọ̀ láti rìn lẹ́yìn omi, ẹ pa ẹ́ńjìnì. Ìfúnná lemọ́lemọ́ ni ó ń ba bẹ́líìtì jẹ́.
- Ẹ fi ọ̀rá di fóònù àti ìwé yín kí ojú ọjọ́ tó ṣú, kì í ṣe nígbà tí ó bá ti ń kán.
- Òjò àkọ́rọ̀ máa ń da ọ́ìlì ojú títì pọ̀ mọ́ eruku, ó sì ń yọ̀ bí ilá. Ẹ dín eré kù.

Bí ẹ bá pinnu láti rà á

1. Ẹ béèrè lọ́wọ́ mẹkáníìkì méjì ní àdúgbò yín bóyá wọ́n ti tú irú rẹ̀ rí, àti ibi tí wọ́n ti ń ra bẹ́líìtì rẹ̀. Bí wọ́n bá ń wo ara wọn lójú, ẹ yan òmíràn.
2. Bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tan án. Bí ó bá ti lọ́wọ́ọ́rọ́, ẹnìkan ti tan án sílẹ̀ dè yín, ó sì ṣeé ṣe kí ó má fẹ́ jí bí ó bá tutù. Ẹ sọ fún un pé ẹ óò padà wá lọ́la, kí ẹ sì wá ní òwúrọ̀ kùtùkùtù.
3. Ẹ fi nọ́ńbà tí wọ́n gbẹ́ sára irin rẹ̀ wé ti ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù, ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.
4. Ẹ wo táyà. Táyà kékeré oní-íǹṣì 10 dára fún ọ̀nà tí ó tẹ́jú. Kòtò wa fẹ́ 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.
5. Ẹ kọ́ gígùn rẹ̀ ní pápá tàbí ní òpópónà tí ó dákẹ́, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sunday, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó kéré tán. Mímọ mọ́tò wà kò túmọ̀ sí pé ẹ mọ sikútà gùn.

Àwọn àṣìṣe tí ń jẹ èrè náà tán

Kí ẹ máa gbé aládùúgbò sẹ́yìn wà lára rẹ̀, kódà lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí pé ẹni méjì lórí alùpùpù ni ó máa ń jọ ọ̀kadà lójú ẹni tí ń mú wọn. Kí ẹ máa gba àárín tírélà méjì kọjá tún burú ju ìyẹn lọ. Awakọ̀ tírélà kò rí yín, òru kan ní ilé ìwòsàn sì lè gbé èrè ọdún méjì lọ. Kí ẹ tó gun sikútà sójú títì, ẹ ní ìbánigbófò ìlera. Ètò Ìlera Èkó ti ìjọba ìpínlẹ̀ wà fún ẹni tí ibi iṣẹ́ rẹ̀ kò bá fún un ní òmíràn. Ẹ má sì ṣe gbàgbé mọ́tò tí ó wà nílé: ẹ máa wà á yí àdúgbò ká lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, owó bátìrì ni ẹ óò fi kí i kú ìjókòó.

Bí ìṣirò kò bá yọrí sí rere

Fún ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ jìn, kí ó kọ́kọ́ wo ọkọ̀ ojú irin. Red Line ń rìn láti Agbádó dé Ọyíngbò, kìlómítà 27, láti oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó sì ń dúró ní Agége, Ìkẹjà, Òṣòdì, Mushin àti Yábàá. Blue Line ń gbé èrò láàárín Mile 2 àti Marina, kìlómítà 13, láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Ẹ lè gun sikútà gba inú àdúgbò dé ibùdókọ̀, kí ẹ sì wọ ọkọ̀ ojú irin lọ síbi tí ó jìn. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo ibi tí ẹ óò gbé e sí àti ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ kí ẹ tó gbára lé e. Àwọn aládùúgbò mẹ́ta tí wọ́n ń lọ sí ọ̀nà kan náà tún lè máa wọ mọ́tò ẹnìkan, kí wọ́n máa dá owó epo. Èyí kò fẹ́ akoto, kò sì fẹ́ ₦1,200,000.

Sikútà oníná ni àwọn mìíràn ń béèrè. Tí ó bá ń jẹ yúníìtì 4 lórí kìlómítà 100, tí yúníìtì kan sì jẹ́ ₦210, ₦840 ni, nígbà tí ti epo yóò gba nǹkan bíi ₦2,850. Ẹ ka iye wákàtí tí iná ń dúró ní òpópónà yín fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó gbà á gbọ́. Bí ó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni ẹ óò máa fi fún bátìrì rẹ̀ níná, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kẹrin, kí ẹ kọ lítà epo jẹnẹrétọ̀ sí ibi tí mo kọ 8.8 sí.